Èmi, Ewì Ẹ̀fẹ̀ àti Agbòòrùn Tí Bánkọ́lé Kò Ní

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń dánra wò ní tiwọn, wọ́n ń tẹ dùùrù, wọ́n ń pín ohùn, ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé ewì ló kù. Èmi ni mo dìde níbi ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí mo ní ó yẹ ká máa rántí ọjọ́ ìbí àwọn tó kọ orin tí à ń kọ. Kì í ṣe àdúrà o, kì í sì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé. Ewì ẹ̀fẹ̀ kékeré, ìlà mẹ́rin péré, tí yóò pa wá lẹ́rìn-ín ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀gá akọrin ní, "Ta ni yóò máa kọ ọ́?" Gbogbo wọn kọjú sí mi. Bí mo ṣe di akéwì nìyẹn.

Mozart ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ni tirẹ̀. Mo ti kà nípa Gẹ̀ẹ́sì kan, Edmund Clerihew Bentley, tó dá irú ewì kan sílẹ̀ láti máa fi àwọn ènìyàn ńlá ṣe yẹ̀yẹ́: orúkọ ẹni náà a wà ní ìlà kìíní, ìlà méjì-méjì a sì parí sí ìró kan náà. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Mo jókòó, mo kọ ìlà mẹ́rin, gbogbo wọn parí sí "i". Mo kà á tán, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń gbọ́ ìfilọ̀ owó orí. Bàbá kan ní tẹ́nọ̀ ló fọhùn: "Akéwì, fáwẹ́lì ni gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń parí. Kí ni ti ariwo?"

Bàbá jàre. Ìró tó bára mu kì í ṣe ọjà tó wọ́n lọ́dọ̀ wa. A ò lè bú ara wa tán kó má wáyé. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín ni ìlà tó dojú kọ ìlà, tí ìkíní gbé nǹkan sókè, tí ìkejì sì jẹ́ kó bọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ìbí Handel dé ní 23 oṣù Kejì, mo ti gbọ́n. Wọ́n bí Handel ní Halle ní Jámánì lọ́dún 1685, ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, oúnjẹ kì í sì í sú u. Ayàwòrán ìgbà ayé rẹ̀ kan, Joseph Goupy, tilẹ̀ yà á bí ẹlẹ́dẹ̀ tó jókòó ti dùùrù. Mo kà á pé:

Handel jókòó, àga ń ké;
Handel dìde, ikùn kọ̀, kò tẹ̀ lé e.
Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló fi kọ Messiah;
ọjọ́ mélòó ló fi jẹun?

Ẹ̀rín bú! Inú mi dùn títí mo fi rí i pé èmi kọ́ ni wọ́n ń wò. Ọ̀gá akọrin ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ikùn ọ̀gá akọrin wa a máa ṣáájú rẹ̀ dé ìdí dùùrù. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí tẹ́nọ̀, níbi tí mo wà, máa dá kọ Halelúyà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Kétu, ẹni tó ń kọrin Ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó bá wù ú, ère wà lórí rẹ̀. Èmi, awò ojú lásán ni mo ní.

Rossini ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1792 ni wọ́n bí i, ọdún tí a wà nígbà náà kò sì ní ọjọ́ 29. Mo fẹ́ kà á lọ́jọ́ 28, wọ́n ní ọjọ́ kò tíì pé. Mo ní kó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní ó ti kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọdún 1800 pàápàá kò ní ọjọ́ 29, pé láti 1796 ni Rossini ti dúró di 1804 kó tó tún rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹnìkan ní, "Ìwọ náà dúró."

Ti Bach ni ò ṣeé gbàgbé. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni mo mú un wá. Kí n tó lanu, ọmọbìnrin kan ní sopránò, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní pólì, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ 21 ni. A ti pẹ́." Àwa méjèèjì la jàre. Ní Eisenach tí wọ́n ti bí Bach lọ́dún 1685, àwọn ọmọlẹ́yìn Luther kò tíì gba kàlẹ́ńdà tí Póòpù Gregory ṣe. Ọjọ́ mẹ́wàá ni tiwọn fi wà lẹ́yìn, ó sì di ọdún 1700 kí wọ́n tó gbà. Mo ní, "Póòpù ló kó ọjọ́ mẹ́wàá lọ." Áńgílíkà ni wá, ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn ló tàn mí jẹ. Mo kà á:

Sebastian bí ogún ọmọ,
orin tó kọ ju ọmọ lọ;
ẹni tó bá fẹ́ sùn nílé Bach,
kó gbé ẹní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ti ń ki ìwé bọ àpò nígbà tí ìyá kan ní áàtò, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, bi mí pé, "Mélòó ló yè nínú ogún náà?" Mi ò mọ̀. Ibi tí mo ti rí "ogún" nínú ìwé ni mo ti pa á dé, tí mo sáré lọ mú bírò. Ọmọ pólì ti yọ fóònù: "Mẹ́wàá ló dàgbà, mà. Ìyàwó kìíní bí méje, ìkejì bí mẹ́tàlá."

Ìyá ní, "Àwọn obìnrin náà kú ìrọ́jú."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo dúró síwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Ọ̀gá akọrin ló yọ mí. Ó fọwọ́ ba dùùrù, a bẹ̀rẹ̀ orin. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó jókòó tì mí rọra sọ ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀ nípa ìyá náà fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún mi, wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí n máa kàwé parí.

Ó yẹ kí n sinmi. Àmọ́ oṣù Karùn-ún dé, mo sì rí ohun tí akéwì ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: ọjọ́ 17 ni wọ́n bí Erik Satie ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1866, ọjọ́ 17 náà ni wọ́n bí Ayọ̀ Bánkọ́lé wa ní Jọ́ọ̀sì lọ́dún 1935. Satie ra ẹ̀wù àrán jọ, gbogbo wọn rí bákan náà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá rẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1925, tí wọ́n wá bá agbòòrùn rẹpẹtẹ níbẹ̀. Bánkọ́lé ní tirẹ̀ tẹ dùùrù dé Kémbríìjì, ó padà wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Mo kọ Bánkọ́lé sí ojú ìwé, mo kọ Satie sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fáànù sì ń fẹ́.

Mo fi ìlà méjì ki Bánkọ́lé, wọ́n ń mirí. Mo gbójú sókè kí n gba ìyìn díẹ̀, fáànù yí ìwé. Mo ń kà á lọ:

Àrán tó wọ̀ lánàá ló wọ̀ lónìí,
òun náà ni yóò wọ̀ lọ́la;
nígbà tó kú tán, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn,
agbòòrùn ló jáde wá kí wọn.

Bàbá tẹ́nọ̀ dìde. Wọ́n ti kọrin lábẹ́ Bánkọ́lé l'Ékòó nígbà èwe wọn. "Akéwì, agbòòrùn wo?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ará Faransé ni."

"Ta ni ará Faransé? Bánkọ́lé?"

"Rárá sà, ẹ̀yìn ìwé ni."

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ló ń burú sí i, títí ọmọ pólì fi gba ìwé lọ́wọ́ mi, tó fi ojú méjèèjì han Bàbá.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọdọ̀ ka ewì tí Bàbá ò bá kọ́kọ́ rí. Bírò pupa ni wọ́n ń lò. Ti Fẹlá Ṣówándé, ọjọ́ 29 oṣù kan náà, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ rẹ́, wọ́n ní ká kàn kọ orin ọkùnrin náà.

Ní oṣù Kejìlá, mo gbé ti Beethoven lọ bá wọn nílé. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?" Mo ní ọjọ́ 16. "Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo padà sídìí ìwé, mo kà á parí lọ́tẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ ìsàmì rẹ̀ ló wà nínú ìwé ìjọ ní Bonn, 17 oṣù Kejìlá 1770. Mo bá sọ ewì ọjọ́ ìbí di ewì ìsàmì:

Beethoven, a ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ,
a mọ ọjọ́ tí àlùfáà domi sí ọ lórí;
láti ọjọ́ náà lọ,
òòyà ò débẹ̀ mọ́.

Bàbá kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n he awò, wọ́n nu omijé, wọ́n wá mú bírò pupa.

"Akéwì, ṣé o ti wo orí ọ̀gá akọrin láìpẹ́ yìí?"