Iṣẹ́ Ẹrú Ni Mo Rán Fóònù Mi

Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan wà tó ń fi ìmọ́tótó ba nǹkan jẹ́, èmi ni. Kì í ṣe ti ilé tí à ń gbé o. Inbox mi ni mò ń wí, níbi tí ímeèlì ti ń wọlé lóṣooṣù láìkan ilẹ̀kùn: sítéétímẹ́ǹtì báńkì, rìsíìtì owó iná, ìwé ìròyìn iléèwé àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa n'Ìbàdàn, àti ti àwọn oníṣòwò tí mo ra bàtà kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n wá sọ mí di mọ̀lẹ́bí. Ẹni tí kò bá tún irú ibẹ̀ ṣe, ẹrù á bò ó mọ́lẹ̀. Èmi tún un ṣe, ìtìjú ló bò mí mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Gmail jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2004, gígábáìtì 1 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé àwàdà April Fool ni, nítorí ààyè náà ti pọ̀ jù lójú wọn. Lónìí, gígábáìtì 15 ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì tó wa. Ímeèlì nìkan kọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Òun àti fáìlì inú Google Drive pẹ̀lú àwòrán inú Google Photos ló jọ ń pín in. Bí ibẹ̀ bá ti kún, ímeèlì kò ní wọlé mọ́, kò sì ní jáde. Èmi tí mo kó fídíò gbogbo òde tí mo lọ síbẹ̀, ìkìlọ̀ yọ sí mi lójijì, mo bá ká ṣòkòtò sórókún.

Ẹni tó gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹrù ti wúwo. Téèyàn bá tẹ has:attachment larger:10M síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, gbogbo ímeèlì tó gbé fáìlì dání tó sì ju mẹ́gábáìtì 10 lọ á tò jáde. Èmi kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì ni mo ń dá sílẹ̀. Mo dá "Pàtàkì". Ó yá, mo rí i pé àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo dá "Pàtàkì Jù". Báńkì wọ "Owó", àwọn ọmọ wọ "Ilé". Rìsíìtì iná wá dé, ṣé owó ni àbí ilé? Mo dá "Owó Ilé". Èyí tí mi ò mọ ibi tí màá fi sí, mo dá "Màá Wò Ó" fún un, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ímeèlì mi wà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò wò ó.

Nígbà tí lébẹ́ẹ̀lì sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Ibi tí wàhálà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Bàbá Alága ẹgbẹ́ onílé wa, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọn kì í kọ ímeèlì tuntun. Ímeèlì kan báyìí tí wọ́n fi pè wá sí ìpàdé láyé àtijọ́ ni wọ́n máa ń ṣí, wọ́n á tẹ Reply, wọ́n á so àkọsílẹ̀ ìpàdé tuntun mọ́ ọn, ó di gbére. Àkọlé gbogbo rẹ̀ kò yí padà: "Re: Ìpàdé Pàjáwìrì". Olè tó fo ògiri ló fa pàjáwìrì ọ̀hún. Wọ́n ti mú olè náà, ó ti ṣẹ̀wọ̀n, ó ti dé. Bẹ́ẹ̀, Gmail máa ń so irú èsì bẹ́ẹ̀ mọ́ra wọn, títí dé 100, tí á fi hàn bí ìlà kan ṣoṣo. Èmi rí ìlà kan tó ní pàjáwìrì, mo ní ọ̀rọ̀ olè ti tán, mo pa á rẹ́. Àkọsílẹ̀ gbogbo ìpàdé, orúkọ àwọn tó ti dáwó tíráńsífọ́mà, àdéhùn àwa àti ọlọ́dẹ, gbogbo rẹ̀ bá ìlà kan náà lọ. Bẹ́ẹ̀ èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà.

Ohun tí a bá pa rẹ́ á kọ́kọ́ lọ jókòó sínú Trash fún 30 ọjọ́. Bí 30 ọjọ́ bá ti pé, Gmail á gbá a dànù, kò sì sí ẹbẹ̀ tó ń mú un padà. Nígbà tí Bàbá Alága fi wí nínú ìpàdé pé, "Akọ̀wé, ẹ bá wa ka ohun tí a fẹnu kò sí lórí owó ọlọ́dẹ," ọjọ́ ti pé, ó tilẹ̀ ti lé. Mo wúkọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Ọlọ́run ló ní kí n rántí pé ohun tí mo pa rẹ́ lọ́dọ̀ mi kò kúrò nínú Sent ẹni tó fi ránṣẹ́. Mo gba ilé Bàbá lọ lọ́jọ́ kejì, mo ní mo wá bá wọn tún fóònù wọn ṣe. Ìdí fóònù wọn ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí mò ń fi àkọsílẹ̀ ìpàdé ránṣẹ́ sí ara mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ń dìde, Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí: "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ọmọ tìẹ náà á tọ́jú rẹ." Mo ní àmín. Ojú ń tì mí.

Ẹ máa rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Rárá. Filter ni mo tún kàn.

Filter ni àṣẹ téèyàn máa pa sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí Gmail á máa tẹ̀ lé e títí ayé: bí ímeèlì bá ti ọ̀dọ̀ ẹni báyìí wá, tàbí tó ní ọ̀rọ̀ báyìí nínú, lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, tàbí má jẹ́ kó wọ inbox, tàbí pa á rẹ́. Mo wo àwọn oníbàtà àti àwọn tó ń yáni lówó orí fóònù, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn: offer. Mo ní gbogbo ímeèlì tó bá ti ní offer nínú, pa á rẹ́. Inbox mi mọ́ nigínnigín. Mo ń fi han ìyàwó mi.

Àárín ìgbà yẹn ni àbúrò mi obìnrin tó wà l'Abẹ́òkúta pè mí. Ó ríṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ yẹn jáde, mo máa gbà á lọ́wọ́ yín bí mo bá dé."

"Lẹ́tà wo? Kò sí nǹkan lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un wò. Mo tún ti fi òmíràn ránṣẹ́ báyìí."

"Mo ní kò sí. Inbox mi mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ kì í fara balẹ̀ ṣe nǹkan. Ó dá mi lójú pé àdírẹ́sì ẹlòmíràn lo kọ."

Ó tún un fi ránṣẹ́. Mo tún bá a wí. Ọmọ mi ọkùnrin ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó bi mí pé, "Dádì, kí ni gbogbo èyí tó wà nínú Trash?" Lẹ́tà àbúrò mi ni, lórí ara wọn, àkọlé gbogbo wọn sì ni "Offer of Employment".

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ èèyàn ni wọ́n ń bá wí. Fóònù kò bí ọmọ rí. Bí o bá ṣe rán an ni yóò jẹ́ ẹ, kò ní bi ọ́ pé ṣé àbúrò rẹ náà wà nínú àwọn tí o ní kí n lé dànù.

Èyí tó burú jù kù lẹ́yìn. Báńkì mi máa ń fi pásíwọ́ọ̀dù ti sítéétímẹ́ǹtì kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ó sì ń ni mí lára láti máa tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí i, mo tún un tọ́jú sórí fóònù láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Fóònù sọ ọ́ ní "Document". Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo onílé, "Document (1)" ló sọ ìyẹn. Mo so ọ̀kan mọ́ ímeèlì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ wò ó dáadáa, kí ẹ sì mú àbá yín wá." Mo tẹ Send, mo lọ wẹ̀. Gmail gbà kéèyàn pe ímeèlì padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, ó pẹ́ tán, bó bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ ti dé mi lójú kí ìyẹn tó pé.

Nínú ìpàdé tó ṣáájú, mo ti dìde bẹ ilé pé ọwọ́ mi kò tíì ká owó tíráńsífọ́mà. Ohun tí gbogbo onílé wá rí ni àkọsílẹ̀ owó mi, láti Fúráìdé dé Fúráìdé, pẹ̀lú àlàyé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ: "àsun àti nǹkan tútù". Màmá Ìbejì tí wọ́n jẹ́ akápò ló kọ́kọ́ fèsì, Reply All: "Akọ̀wé, a ti wò ó dáadáa. Àbá tèmi ni pé kí ẹ san owó tíráńsífọ́mà kí Fúráìdé tó dé." Bàbá Alága ní àwọn kín in lẹ́yìn.

Mo san án lọ́jọ́ náà.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí rèé. Bí mo bá fẹ́ dá filter sílẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ náà, mo ń ka ohun tó bá jáde títí dé ìdí. Àdírẹ́sì ẹni tó ń kọ̀wé ni mo ń lò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ayé ń sọ. Lébẹ́ẹ̀lì nìkan ni mo ń jẹ́ kí filter lẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi ń pa nǹkan rẹ́. Fáìlì tó bá wọlé, mo ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù, mo ń fún un lórúkọ, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tó jẹ́: "2025-03 ìpàdé", "2025-03 báńkì". Wọ́n á tò tẹ̀ léra fúnra wọn. Pásíwọ́ọ̀dù báńkì, mo fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n fi í sí. Fáìlì tí mo bá sì so mọ́ ímeèlì, mo ń ṣí i wò kí n tó tẹ Send.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní filter tó ń pa nǹkan rẹ́ fún yín, mo bẹ̀ yín, ẹ yẹ inú Trash yín wò lónìí, kí 30 ọjọ́ tó pé. Ẹni tí ẹ ń bú pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ lè ti fi í ránṣẹ́ tipẹ́.