Bọ́tìnnì Pupa

Kọ̀ǹpútà Pentium 4 ilé wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, píì, tí ojú rẹ̀ sì dúdú kirimú. Ìyá Bọ́lá ní ká gbé e lọ sọ́jà kọ̀ǹpútà Ọ̀tìgbà n'Íkẹjà. Mo ní ká wá lọ kówó fún àwọn ọmọ àná? Mo tú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku, ìyẹ́ aáyán, ẹyin ọmọńlé tó ti gbẹ nídìí fáànù.

Ẹni tó mọṣẹ́ á ti mọ̀ pé RAM ló sábà máa ń fa irú igbe bẹ́ẹ̀: wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi írésà nu ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ padà títí á fi ró kọ́. Èmi ò mọ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ roboto kan, CR2032, ni mo dá lẹ́bi. Mo yọ ọ́ sọnù. Níbi tí mo ti ń ti wáyà sọ́tùn-ún sósì, ìgbọ̀nwọ́ mi ti tẹ RAM wọlé láìmọ̀. Mo tan kọ̀ǹpútà, ó tàn! Mo wá ń ṣàlàyé fún gbogbo ilé bí bátìrì ṣe ń pa kọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀ bátìrì yẹn ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí déètì bí iná bá lọ. Bí NEPA bá ti mú iná lọ tí wọ́n mú un dé, oṣù kìíní ọdún 2002 la máa ń bá ara wa, kò sì sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ gbà mí wọlé. Mo pe àwọn tó ń ta dátà fún wa, mo bú wọn bí ẹní láyin. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ má bínú, sà, kí ni déètì ojú kọ̀ǹpútà yín?" Mo gé fóònù.

Ibi tí mo ti ń nu ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni mo ti rí bọ́tìnnì pupa kékeré lára power pack, ó wà ní 230. Mo tì í sí 115, kí mítà má baà sáré mọ́. Mo ki í bọ iná. Gbàù! Èéfín bo pálọ̀.

Àwọn bí Amẹ́ríkà, tí iná wọn ò ju nǹkan bíi 120 lọ, ni wọ́n ṣe 115 yẹn fún. Tó bá wà níbẹ̀, inú power pack á sọ iná tó wọlé di ìlọ́po méjì. Iná tiwa tó ti jẹ́ 230, ta ló fẹ́ gba ìlọ́po rẹ̀?

Oníṣẹ́ dé, ó wo kapasítọ̀ tó bẹ́, ó ní, "Dádì, ta ló fọwọ́ kan bọ́tìnnì yìí?"

Mo ní ó jọ pé eku ni.

"Eku yín mọ̀wé gan-an, sà."