Bọ̀dá Orijínà

Ẹni tó bá gba Boundary kọjá ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ kó tó fojú kàn án. Bọ̀dá Orijínà ni àdúgbò sọ ọ́. Ẹ má rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni o. Wọ́n pọ̀ láti Mobil Road títí dé Olódì, wọ́n sì wà lọ́hùn-ún ní GRA Àpápá pẹ̀lú, àfi pé lórí àga tìmùtìmù, nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù, ni tọ̀hún ti ń sọ tiẹ̀. Èyí tí à ń wí yìí, bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí ni kóòtù rẹ̀. Orí rẹ̀ ti pá, kò ní irun kan tó fẹ́ gẹ̀. Ẹjọ́ fíìmù ló wá dá.

Ẹjọ́ náà kì í sì í pẹ́, torí ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ kí olùpẹ̀jọ́ tó dé: ti àtijọ́ ló dáa. Ẹ ní Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022? Ó ní aṣọ pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ ní Jagun Jagun? Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn jagun, pé nígbà tí Abija òṣèré bá ń pọfọ̀ láyé ọjọ́un, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń pè é. Ẹ wá ní A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe ní 2023 ńkọ́, fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nílé sinimá? Bọ̀dá Orijínà á yọ igi ìtayín lẹ́nu, á wò yín tàánútàánú.

"Ṣé owó la fi ń mọ fíìmù? Táńkà epo náà ń pawó."

Àwàdà ni gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn ún wọra ni fíìmù abanilẹ́rù, pàápàá èyí tí wọ́n bá hú jáde láti ayé àtijọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Ẹ dárúkọ Nneka the Pretty Serpent fún un, kẹ́ ẹ sì yẹra díẹ̀, torí yóò dìde dúró.

Ní 1994 ni fíìmù náà kọ́kọ́ jáde. Zeb Ejiro ló darí rẹ̀, Ndidi Obi ló sì ṣe Nneka, arẹwà obìnrin tí agbára rẹ̀ ti inú omi wá, tó ń fi ẹwà kó ọkùnrin lọ. Bọ̀dá Orijínà kì í sọ ìtàn yẹn lẹ́nu lásán, ó máa ń ṣe é ni. Á di ojú méjèèjì pa, á dá ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá la ojú ọ̀tún nìkan díẹ̀díẹ̀, á sì wò sùn-ùn láìṣẹ́jú títí ẹni tí wọ́n ń gẹ̀run fún á fi gbàgbé pé òun ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. "Bó ṣe wò ó nìyẹn," á wí. "Kò sọ̀rọ̀. Kò ṣàlàyé fẹ́nì kankan. Ó kàn wò ó ni. Ọkùnrin yẹn ti lọ nìyẹn."

Nínú oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n gbé tuntun dé ilé sinimá. Tosin Igho ló darí ìyẹn, Idia Aisien ló di Nneka, fíìmù tí yóò kọ́kọ́ ṣe láyé rẹ̀ sì nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ pe Ndidi Obi padà wá síbẹ̀, kí àwọn àgbà òǹwòran má baà bínú. Wọ́n bínú. Nínú ti tuntun yìí, wọ́n pa òbí Nneka níṣojú rẹ̀. Nígbà tó dàgbà tí agbára dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn apànìyàn náà kiri láti gbẹ̀san. Ibí yìí ni Bọ̀dá Orijínà ti máa ń pàtẹ́wọ́ ìyanu. "Ẹ̀san kẹ̀! Ejò ti di lọ́yà!" Ó ní kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ejò kan fún òun tó kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn síni létí kó tó buni jẹ.

Ẹ jẹ́ ká gbà fún un níbí o, torí òótọ́ ló sọ. Nneka ti 1994 kò ní ẹjọ́ kankan tó ń rò. Ọkùnrin tó bá kó sí i lọ́wọ́ kò mọ ohun tó ṣe, kò sì mọ ẹ̀bẹ̀ tí yóò bẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti wá fún un ní ìdí, tí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ lọ́mọdé, àwa òǹwòran gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni a bá sì ti ń gbè sẹ́yìn kò lè bà wá lẹ́rù mọ́. Aṣọ inú fíìmù tuntun náà dára, ilé inú rẹ̀ dára, iná ń tàn mọ̀nà ní gbogbo yàrá. Ẹ̀rù nìkan ni ò sí níbẹ̀.

Charles Okpaleke àti iléeṣẹ́ rẹ̀, Play Network, ni Bọ̀dá Orijínà ń bá wí. Okpaleke ló ra ẹ̀tọ́ àwọn fíìmù àtijọ́ wọ̀nyẹn tó sì ń tún wọn gbé jáde: Living in Bondage: Breaking Free ní 2019, Rattlesnake: The Ahanna Story ní 2020, Nneka lóṣù tó tẹ̀ lé e, Glamour Girls lórí Netflix ní 2022. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í tilẹ̀ ṣe fíìmù abanilẹ́rù, ọ̀rọ̀ obìnrin àti owó Èkó ni. Síbẹ̀, Bọ̀dá Orijínà búra pé ẹ̀rù ba òun jù lọ nínú rẹ̀: ìtàn bẹ̀rẹ̀, ìtàn sọnù, kò sẹ́ni tó wá a.

Kí ló wá mú orí ọkùnrin yìí gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ní láti mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn gbọ̀ngàn sinimá Èkó ti ń di ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìkẹ́rù sí. Adigunjalè ò jẹ́ kéèyàn rìn lóru, náírà ń já, owó tí wọ́n fi ń ya fíìmù bíi ti Ògúndé kò sì ká ẹnikẹ́ni mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ló gbapò. Kenneth Nnebue, ọmọ Ìgbò tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, ló gbé Living in Bondage jáde ní 1992, lédè Ìgbò, tí gbogbo ayé fi ń pè é ní ìyá Nollywood. Ṣùgbọ́n fíìmù Yorùbá ni Nnebue fi kọ́ṣẹ́: òun ló náwó sí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, I Sho Pepper, ṣe ṣáájú ìgbà náà. Nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá tán tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ò rí ohun jà sí mọ́ lórí bẹ́ǹṣì, Bọ̀dá Orijínà á sọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ pé àjẹ́ Yorùbá ló bí Nollywood. Ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, torí Ìgbò, Ìjọ̀, Ìlàjẹ àti Urhobo ló yí i ká níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi àjẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ẹ̀rọ fídíò kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú odidi ilé nígbà náà, yàrá mẹ́jọ lápá ọ̀tún, mẹ́jọ lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà ni ọba. Bí àwòrán bá ń wárìrì, á tú ideri rẹ̀, á rẹ òwú sínú sípíríìtì tàbí lọ́fíńdà ìyàwó rẹ̀, á sì fi nu orí irin inú rẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo wa á máa wò ó bí ẹni ń wo dókítà. Kóto Ọ̀run ni wọ́n fi sí i lálẹ́ yìí, Agbára Ńlá ti Mike Bámilóyè lálẹ́ ọ̀la. Ìyá Gbọ́nkán kò tíì sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọdé tó wọ abẹ́ àga. Bí fíìmù bá wá tán, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, NEPA sì ti mú iná lọ. Bọ̀dá Orijínà ò ní í sọ fún yín, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ilé nígbà náà: ike kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn nítorí rẹ̀ ní gbogbo ọdún tí Ìṣàwúrù inú Agbára Ńlá fi gbajúmọ̀.

Ẹ̀rù Living in Bondage tún jinlẹ̀ ju ti òkùnkùn lọ. Andy Okeke fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣowó, ó sì lówó lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá ra mọ́tò lójijì lágbègbè Boundary, kì í ṣe mọ́tò ni àwọn aládùúgbò ń yọjú wò. Wọ́n ń wò bóyá ìyàwó rẹ̀ ṣì ń lọ sọ́jà.

Alátakò kan wà tí Bọ̀dá Orijínà fẹ́ràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ti Àpápá wá gẹ̀run nítorí pé owó onígẹ̀rígẹ̀rí GRA ga. Ọmọ yìí ń wo fíìmù bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Òun ló sọ fún wọn pé ní 1998, Gus Van Sant tún Psycho tí Hitchcock ṣe ní 1960 yà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwòrán kan sí àwòrán kan, síbẹ̀ kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ó ní The Wicker Man ti 1973 bani lẹ́rù dọ́rùn, pé èyí tí Nicolas Cage ṣe ní 2006 ti di ohun tí gbogbo ayé fi ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Orijínà ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n ra ohun mímu tútù fún ọmọ náà. Ohun mímu náà kò tíì dé tí ọmọ náà fi bà á jẹ́.

"Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, The Fly ti 1986 tẹ́ ẹ máa ń yìn, àtúnṣe ni o. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1958. The Thing ti 1982 náà, wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní 1951."

Gbogbo bẹ́ǹṣì dákẹ́. Ẹ̀rọ ìgẹ̀run nìkan ló ń dún.

"Ti 1958 yẹn, ǹjẹ́ mo wò ó rí?"

"Ẹ ò wò ó rí, sà."

"Ti 1986 ni orijínà nìyẹn."

Òfin rẹ̀ látòkèdélẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì ní í rí i kà níbòmíì: èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọkùnrin náà lọ́mọdé ni orijínà. Òfin yìí ló mú kó ṣàìsàn nígbà tó gbọ́ nípa Anaconda. Ti 1997, ti Jennifer Lopez àti Ice Cube, kò sí àdúgbò kan l'Ékòó tí wọn ò ti wò ó títí ejò inú rẹ̀ fi di ọmọ ilé. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2025 ni Hollywood gbé Anaconda mìíràn jáde, wọ́n fi Jack Black àti Paul Rudd sí i, ó wá di àwàdà: àwọn ọ̀rẹ́ kan gba inú igbó Amazon lọ láti tún fíìmù Anaconda yà, ejò gidi bá yọ sí wọn. Ọmọ Àpápá ní ọgbọ́n ńlá ni, pé àwọn aṣefíìmù ń fi àṣà àtúnṣe ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bọ̀dá Orijínà ní ejò tó gbé èèyàn mì lódindi kì í ṣe ohun ẹ̀rín, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ṣàwàdà kó lọ ṣe Alákadá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, onígẹ̀rígẹ̀rí rí Nneka ti 1994 gan-an lórí fóònù, ó sì so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹjọ́ lè parí ni. Bọ̀dá Orijínà jókòó síwájú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí orin dùùrù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní iná ló pọ̀ jù, wọ́n pa iná. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ti tóbi jù, pé inú tẹlifíṣọ̀n kékeré ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. Nígbà tí fíìmù fi máa dé ìdajì, kò sẹ́ni tó gbọ́ àtakò mọ́. Ọ̀gá ti ń hanrun, igi ìtayín ṣì wà lẹ́nu.

Ohun tí kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni béèrè nìyí: mélòó ló ti wò nínú àwọn tuntun tó ń bú? Tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ti ń lé ní ₦5,000, ilé sinimá tó sì máa ń ronú kàn wà ní Leisure Mall ní Sùúrùlérè, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ kò sí nínú iye yẹn. Nneka tuntun, ìpolówó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tíréélà, ló wò. Ní Àpápá tí tíréélà kún títì bẹ́ẹ̀, tíréélà náà ni tiẹ̀. Breaking Free kò wò ó rárá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ba kóòtù rẹ̀ jẹ́. Ramsey Nouah darí fíìmù yẹn, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ méje ní AMVCA 2020, tó fi kan fíìmù tó dára jù lọ. Ó yẹ kó gbà á pẹ̀lú, torí wọn kò tún ìtàn Andy sọ. Nnamdi ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n sì fi sáàárín àwọn ọlọ́rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ béèrè ibi tí owó wọn ti wá, irú èyí tí à ń rí lórí Instagram lójoojúmọ́. Ìbéèrè ìyàwó olówó òjijì yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ní ìwọ̀n tèmi, ọkùnrin náà jàre lórí Nneka, ó jẹ̀bi lórí Breaking Free, ti Glamour Girls sì kọjá agbára kóòtù èyíkéyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹ wá sí Boundary nírọ̀lẹ́, àga kì í wọ́n. Kẹ́ ẹ kàn ra dátà tó pọ̀ dání, torí fóònù tiyín ni yóò fi wo fíìmù tó fẹ́ bú.