Rífáàsì Ọlọ́wọ́

Ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ padà sẹ́yìn, ṣe ni yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò di irin kan mú nídìí rẹ̀, yóò sì fà á. Peel P50 ni wọ́n ń pè é. Isle of Man, erékùṣù tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, ni wọ́n ti ṣe é láti 1962 sí 1965. Kò ní rífáàsì rárá.

Táyà mẹ́ta, ilẹ̀kùn kan, iná iwájú kan. Gígùn rẹ̀ kò pé mítà kan àtààbọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ 49cc. Ọ̀kadà tó ti gbó pàápàá á fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣe é polówó pé ó gba àgbàlagbà kan àti báàgì kan. Ẹni tó bá níyàwó, kó yáa pinnu èwo ni yóò fi sílé nínú ìyàwó àti báàgì.

£199 ni wọ́n ń tà á nígbà náà.

Nǹkan bí àádọ́ta péré ni wọ́n ṣe, ìyẹn ló sì sọ ọ́ di ọba lójú àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Ní 2016, níbi gbàǹjo kan ní Florida, ẹnìkan san $176,000 fún ọ̀kan. Gbogbo owó yẹn, lórí ohun tí kò wúwo ju nǹkan bí kílò 59 lọ! Olè tó bá fẹ́ ẹ kò nílò kọ́kọ́rọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan á kàn gbé e ni.