Yàgò-lọ́nà, Oníkẹ̀kẹ́ Alábátìrì

Yàgò-lọ́nà ni ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ alábátìrì nítorí ìlera, tí kò sì tíì làágùn láti ọjọ́ náà. Ó wọ́pọ̀ ní Kalifọ́níà, ó sì rọrùn láti rí i lórí Iron Horse, ọ̀nà ìgbafẹ́ tí wọ́n là síbi tí ọkọ̀ ojú irin Southern Pacific ń gbà tẹ́lẹ̀ rí. Àgbàlagbà ń nasẹ̀ níbẹ̀, ìyá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, ajá ń wọ́ olówó rẹ̀, ẹlẹ́ṣin náà ń kọjá. Lójú Yàgò-lọ́nà, ńṣe ni gbogbo wọn wá dínà.

Aṣọ ara rẹ̀ fún pinpin bíi ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ní Faransé. Akoto rẹ̀ ń bẹ, ó fi kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Òfin kò ṣàjèjì sí i. Ó lè ka ìpele kẹ̀kẹ́ alábátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Kalifọ́níà ń lò láti 2016 lórí: ti kìíní, mọ́tò kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ pẹ́dà, ó sì ń dákẹ́ bí eré bá tó máìlì 20 ní wákàtí kan, ìkejì ní ohun tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ bíi ti ọ̀kadà, máìlì 20 náà ni òpin tirẹ̀, ìkẹta ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ dé máìlì 28, akoto sì di dandan fún ẹni tó bá gùn ún. Ó mọ̀ pé ìpele ìkẹta kò gbọdọ̀ wọ Iron Horse, àti pé máìlì 15 ni òpin eré níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí olè ṣe mọ ìgbà tí ọdẹ ń sùn.

Sítíkà ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìpele kejì ni. Fóònù rẹ̀, tó fi tú ìjánu mọ́tò, mọ òótọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gba ibì kan, á ní kẹ̀kẹ́ lásán ni tòun. Bí kẹ̀kẹ́ lásán bá wà níwájú rẹ̀, á bi í pé kí ló ń fà bẹ́ẹ̀.

Ó ní agogo, ṣùgbọ́n kì í lù ú. Ìgbà tó bá fi máa kígbe pé apá òsì lòun ń gbà, ó ti kọjá. Mọ́tò iná kì í pariwo, nítorí náà ẹṣin kì í mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn àfi ìgbà tó bá dé ìdí rẹ̀, ìdí ẹṣin kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ń bá a lójijì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí kẹ̀kẹ́ fi ń kọlu èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí nìkan ni kò sí nínú ohun tí Yàgò-lọ́nà kọ́ sórí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òfin ìpínlẹ̀ náà ti là á mọ́lẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá tún ṣe kí mọ́tò rẹ̀ nìkan lè sá ju máìlì 20 lọ, tàbí kí agbára rẹ̀ ju wáàtì 750 lọ, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ alábátìrì mọ́. Nítorí náà, bí Yàgò-lọ́nà bá rí ọlọ́pàá ọgbà lọ́ọ̀ọ́kán, á pa mọ́tò, á dé akoto, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pẹ́dà. Irin náà wúwo ju kẹ̀kẹ́ lásán méjì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe eré ìdárayá tó tìtorí rẹ̀ rà á.