Ọ̀rọ̀ Mutawalle Kò Tán Lẹ́nu Wa

Ìyá Táyé, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín sọ̀ ná, mẹ́rúwà kò tíì yọ ní kọ̀rọ̀. Gbogbo Tudun Wada ló ń retí ẹ̀.

Bá a ṣe ń retí ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fọ̀rọ̀ Tambuwal, Mutawalle wa, gbé e. Ẹ ò wá ṣàkíyèsí pé Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta gààrí kì í gbọ́ orúkọ Tambuwal kó má pòṣé? Ọ̀rọ̀ 2011 ni o! Ẹgbẹ́ PDP ní ilẹ̀ Yorùbá ni kó mú Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin wá, wọ́n sì fa Mulikat Akande-Adeola kalẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé. Àfi bí Aminu Waziri Tambuwal, lọ́yà ọmọ Sókótó wa níbí, ṣe kó ìbò 252, tí obìnrin náà rí 90. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ ACN, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, sì wà lára àwọn tó gbé e wọlé! Bí Ìyá bá sọ ọ́ débẹ̀, á ní kí n san gbèsè gààrí, bí ẹni pé èmi náà dìbò. Gààrí tí yanrìn pọ̀ nínú ẹ̀ báyẹn...

Kí ni mo ń sọ ná? Ẹ̀n-ẹ́n. Ní 2014 Tambuwal fi PDP sílẹ̀ lọ sí APC, wọ́n sì kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Lóṣù kọkànlá ni àwọn ọlọ́pàá ti géètì Ilé Aṣòfin, tí wọ́n yin tajútajú, táwọn ọlọ́lá wa ń gun irin géètì. Bàbá Ṣadé, télọ̀ ni, ẹ mọ̀ ọ́n, wo fọ́tò ọjọ́ náà títí. Kò sọ nǹkan kan nípa òṣèlú. Ó ní, "Ta ni wọ́n máa gbé sòkòtò yẹn fún?"

Wamakko, gómìnà Sókótó ìgbà náà, ló ti Tambuwal lẹ́yìn tó fi di gómìnà ní 2015. Ní 2018 ó tún padà sí PDP, ó fẹ́ di ààrẹ, Atiku sì nà án nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ní Port Harcourt, 1,532 sí 693. Ló bá padà wá du ipò gómìnà, ta lẹ rò pé ó bá a du ú? Ahmed Aliyu, igbákejì rẹ̀ àná, tí Wamakko wà lẹ́yìn ẹ̀! Wọ́n dìbò, kò parí, wọ́n tún un dì lóṣù kẹta 2019. Ìbò 342 ni Tambuwal fi borí. 342 péré! Àwọn tó wá jẹ ìsọmọlórúkọ nílé Àlájì ẹ̀yìnkùlé wa lánàá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, kò sí onílé kan ládùúgbò yìí tí kò sọ pé agbo ilé òun ló gbé Mutawalle wọlé.

Ahmed Aliyu ti wá jókòó sórí àga náà báyìí, Mutawalle sì di sẹ́nétọ̀. Lóṣù kẹjọ 2025, àjọ EFCC pè é, ó sùn sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé owó tó tó bílíọ̀nù 189 náírà jáde ní kéṣì lásìkò ẹ̀. Àwọn èèyàn ẹ̀ ní torí pé ó bá ẹgbẹ́ ADC rìn ni. Ẹ̀sùn ni o, ẹ má fi ẹnu mi gbé e dé iwájú adájọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni báńkì tí wọ́n ní kéṣì yẹn ti jáde, Ìyá Táyé. Èyí tí mo ń lọ yìí, wọ́n ní kéṣì tán nígbà tí mo fẹ́ gba 5,000.