Bọ̀ọ̀dá Mi Ò Kú Mọ́, Èmi Ni Mò Ń Wá Áìsì Kiri

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọ̀nà! Ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tójú mi ń rí ní Ọ̀fin, ní Ṣàgámù níbí, torí bí mi ò bá sọ ọ́ síta, àyà mi á bẹ́.

Láti ogún ọdún sẹ́yìn, kò sí òkú àgbà tí wọ́n sin láti Ọ̀fin títí dé Mákùn tí n kò náwó sí. Ìyá aláṣọ kú, mo ra aṣọ ẹbí. Bàbá alágbẹ̀dẹ kú, mo ra aṣọ ẹbí. Ìyá ìyàwó ẹni tó ń bá mi tún ọ̀kadà ṣe kú, ìyá tí n kò fojú kàn rí, mo ra léèsì, mo ra fìlà, òjò sì bà wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kan báyìí. Mo ní lọ́jọ́ tó bá kàn mí, tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston bá darúgbó kùjọ́kùjọ́ tí wọ́n sì sùn, gbogbo wọn pátá ni wọ́n máa wá san án padà lábẹ́ kánópì. Kì í ṣe pé mò ń retí ikú Bọ̀ọ̀dá mi o! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo kàn ń ṣètò ni.

Àfi bí Bọ̀ọ̀dá ṣe pè mí lóru ọjọ́ kan, ní aago méjì (àwọn ará òkè òkun ò gbà pé ilẹ̀ máa ń ṣú níbòmíràn), wọ́n ní, "Àbúrò, mi ò ní í kú mọ́." Mo ní, "Àmín o, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò ní í kú!" Mo rò pé àdúrà ni. Àṣé wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé! Wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó kan tó ń sọ òkú di yìnyín, pé bí èémí bá ti bọ́, àwọn ènìyàn náà á fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára Bọ̀ọ̀dá, wọ́n á fi oògùn rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì gbé wọn sínú àgbá ńlá kan tó kún fún náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ 196 nísàlẹ̀ òdo, títí di ọjọ́ tí àwọn dókítà bá gbọ́n tó láti jí wọn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni wọ́n ti jí rí?" Wọ́n ní kò tíì sí. Kò tíì sí! Ọ̀jọ̀gbọ́n ará California kan, James Bedford, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, lọ́jọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 1967. Ogun Biafra ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó parí, àwọn tó jà á ti darúgbó, bàbá náà ṣì wà ní Arizona lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní Alcor, kò tíì yí ẹ̀gbẹ́ padà. Ẹ sì tún gbọ́: orí àwọn òkú náà ló máa ń wà nísàlẹ̀ nínú àgbá! Wọ́n ní bí náítírójìn bá fẹ́ gbẹ, kó jẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ́. Ọmọ Rẹ́mọ, ẹni ọdún 68, kí wọ́n dorí rẹ̀ kodò bí adìyẹ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà!

Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Ní Alcor, odidi ara lé ní 200,000 dọ́là. Bí agbára ò bá gbé e, wọ́n á gba orí nìkan, 80,000. Orí nìkan! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ẹbí? Pé orí Bọ̀ọ̀dá wà ní Arizona, ẹ máa wá ìyókù? Ó dínwó ní Michigan, ní Cryonics Institute, 28,000 dọ́là ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n wàhálà bí òkú ṣe máa débẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Robert Ettinger ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1976. Ìyá tó bí i ló kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, ó gbé ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, ó fẹ́ òmíràn, ó gbé ìyẹn náà síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wá wọlé bá wọn ní 2011. Ìyàwó méjì àti ìyá ọkọ nínú ilé kan! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí, ta ni yóò là wọ́n? Èmi ò sí níbẹ̀ o.

Mo bi Bọ̀ọ̀dá pé níbo lowó ti wá. Wọ́n ní inṣọ́ránsì ẹ̀mí ni, pé ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí àwọn ti ń san án lóṣooṣù, bí àwọn bá ti kú, iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì á kówó fún àwọn alágbàá. Lóṣooṣù! Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Bọ̀ọ̀dá mi yìí kan náà, tí mo bẹ̀ lójò èṣí pé páànù ilé bàbá wa ti ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi, tí wọ́n ní nǹkan le ní Amẹ́ríkà!

Bó bá jẹ́ ní Houston ni ikú ti bá wọn, ìyẹn ò kàn mí. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wálé ní gbogbo oṣù Kejìlá. Wọ́n wá fi ìlànà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀fin, bí dókítà bá ti lè fọwọ́ sí i pé wọ́n ti kú, kí n máa fọwọ́ tẹ àyà wọn kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ, kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gún wọn lóògùn òkú ní mọ́ṣúárì, kí n fi áìsì yí orí wọn ká kíá, lẹ́yìn náà kí n wá áìsì kan tó gbẹ háú, tí kì í yọ́ di omi, kí n sì gbé wọn dé pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Áìsì! Kíá! Ní Ọ̀fin! Níbi tí iná ti ń wá bí ẹni tó ń kí wa tó sì ti dìde! Mo ní ṣé àgbá yẹn náà ò ní í yọ́ bí iná bá lọ? Wọ́n ní kì í lo iná rárá, wọ́n kàn máa ń bu náítírójìn kún un ni. Mo ní kí wọ́n kúkú gbé e wá sí Ọ̀fin, ká lè máa rí omi tútù mu.

Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, mo dán an wò. Mo jáde ní aago mọ́kànlá alẹ́, mo kan ilẹ̀kùn ìyá kan tó ń ta omi dídì, mo ní áìsì tó máa kún àpótí ńlá kan ni mo fẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹja lẹ fẹ́ kó sí i?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè àjèjì gbàdúrà. Àná ni mo gbọ́ pé ìyàwó mi ò lè ra omi dídì níbẹ̀ mọ́. Ká tiẹ̀ ní mo rí áìsì, ṣé kò ní í yọ́ tán kí n tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tírélà tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn? Bí ọlọ́pàá bá sì ní kí n ṣí àpótí ńkọ́?

Èyí tó burú jù ni ìwé tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, pé ẹbí ò ní í béèrè òkú. Kò sí pósí, kò sí màlúù, kò sí aṣọ ẹbí! Bàbá Awólọ́wọ̀ fúnra wọn, tí wọ́n kú lọ́jọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987, ilé wọn ní Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n sinmi sí. Ṣé Bọ̀ọ̀dá mi wá ju Awólọ́wọ̀ lọ ni? Mo gbé ìwé gbèsè mi tọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi lọ, mo ní ṣé wọ́n á san tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé Bọ̀ọ̀dá wọ inú àgbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Alága wá ní òkú tí kò tíì kú tán, ẹgbẹ́ kì í náwó sí i.

Bọ̀ọ̀dá ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ 18, oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta áìsì lóru ní Ṣàgámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́, kó sì jẹ́ ọlọ́jà tí kò ní í bi mí bóyá ẹja ni.